Ẹ Máa Da Omi Sí I

Ohun mẹ́ta ló bàjẹ́ kí oṣù tí ìwé náà jáde tó parí. Ìkòkò kan bú gbàù ní ilé olùkọ́ kan, ó sì bó o lára láti iwájú orí dé àyà. Òróró gbiná mọ́ aránṣọ kan lọ́wọ́, ó jó irun rẹ̀, ó jó apá rẹ̀ méjèèjì, ó sì gun kọ́tìnnì ilé ìdáná lọ bá àjà. Ọkọ ìyàwó kan tó fẹ́ fi ọbẹ̀ ya ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ti ọwọ́ bọ inú bùlẹ́ńdà tó ń yí lọ́wọ́. Ìka méjì kò bá a jáde mọ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò pàdé ara wọn rí. Ohun kan ṣoṣo tó pa wọ́n pọ̀ ni ìwé pẹlẹbẹ kan tó ní àwọ̀ ọsàn, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Kíá Ló Jinná, ìwé oúnjẹ fún àwọn tí iṣẹ́ kì í jẹ́ kí wọ́n rójú. Olúkúlùkù wọn ṣí i sórí tábìlì, ó kà á, ó sì ṣe ohun tó kà gẹ́lẹ́.

Olùkọ́ tí ìkòkò bó yẹn ni ẹ̀gbọ́n Àmì-Ohùn, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo. Ilé ìtẹ̀wé tí ìwé náà sì ti jáde ni Àmì-Ohùn ti ń ṣe olóòtú.

Kì í ṣe bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Àmì-Ohùn. Àwọn òṣìṣẹ́ ló fi pè é lọ́sẹ̀ tó kọ́kọ́ débẹ̀, nígbà tó jẹ́ ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, tí ara rẹ̀ kò gba ìwà jẹ́-ó-rí-bẹ́ẹ̀ kankan. Wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ara ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pé, "E jowo, e fo owo yin." Ó dúró tì í, ó bèèrè lóhùn rara pé, "Owó wa ni ká fọ̀ ni, àbí ọwọ́ wa?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára láti ọjọ́ náà.

Àbúrò bàbá rẹ̀ ló ni ilé ìtẹ̀wé. Nílé, Bàbá Kékeré ló ń pè é. Níbi iṣẹ́, Ọ̀gá. Ọkùnrin tó ń yára ni. Ó ń yára jẹun, ó ń yára sọ̀rọ̀, ó sì gbà pé ohunkóhun tí a kò bá lè ṣe kíákíá, ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Ìdí nìyẹn tí inú rẹ̀ fi dùn gan-an nígbà tí alásè kan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ìyá Kíákíá gbé ìwé oúnjẹ oníṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wá bá a.

Orí fóònù ni Ìyá Kíákíá ti fi àtàǹpàkò tẹ gbogbo rẹ̀, láàárín ìgbà tí ọbẹ̀ ń hó àti ìgbà tó jinná. Kò sí àmì kan ṣoṣo lórí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. "Ma" kún inú rẹ̀ bí iyanrìn. Níbi kan, "ma" ń sọ fún alásè pé kó ṣe nǹkan; níbòmíràn, ó ń sọ fún un pé kó má dán an wò láéláé. Àmì-Ohùn gbé e lọ bá Ọ̀gá.

"Ọ̀gá, ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Ó yẹ kí n kà á níkọ̀ọ̀kan."

"Ọ̀sẹ̀ kan? Oúnjẹ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lo fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ kan sè?" Ọ̀gá rẹ́rìn-ín sí àwàdà ara rẹ̀.

"Ó níbi tó ti jẹ́ 'má', ó sì níbi tó ti jẹ́ 'máa'. Bí a bá ṣì í kọ—"

"Ta ló fẹ́ gbọ́ 'má' nínú ìwé oúnjẹ? Èèyàn ti ibi iṣẹ́ dé, ẹsẹ̀ ń dùn ún, o wá fẹ́ máa jágbe mọ́ ọn bí ọlọ́pàá: má ṣe èyí, má ṣe tọ̀hún. Kíbọ́ọ̀dù!"

Kíbọ́ọ̀dù ni ọkùnrin tó ń to ojú ìwé sórí kọ̀ǹpútà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó ń gbé ìwọ̀n ara rẹ̀ bí ẹni tó ń bẹ àga tó jókòó lé. Ó yọjú.

"Sọ gbogbo 'ma' inú ìwé yìí di 'máa'. Kó lè dùn-ún gbọ́ létí."

Kíbọ́ọ̀dù wo ojú Àmì-Ohùn, ó wo ojú Ọ̀gá. "Gbogbo ẹ̀, sà?"

"Ṣé mo sọ pé àbọ̀ ni?"

Ó padà lọ sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó tẹ nǹkan bíi mélòó kan, ẹ̀rọ náà sì yí gbogbo rẹ̀ padà kí ẹni tó sín tó nu imú. Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá rán Àmì-Ohùn lọ sí ẹ̀ka wọn tó wà ní òdìkejì ìlú pé kó lọ ka ìwé ìṣirò àwọn ọmọ iléèwé. Kò rí Kíá Ló Jinná mọ́ títí ó fi rí i nílẹ̀ ilé ìdáná ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Sátidé ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ẹ̀wà ka orí gáàsì nínú ìkòkò onífèrè, irú èyí tí ìdérí rẹ̀ máa ń há pinpin, tí ooru sì ń kóra jọ sínú rẹ̀ bí ìbínú. Kò lo irú rẹ̀ rí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ni, ìwé tí Bàbá Kékeré fi ta á lọ́rẹ ló sì fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Àmì-Ohùn wà ní pálọ̀, ó ń lọ aṣọ. Ó gbọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ pé, "Ó dáa, a ó ṣí i nìyẹn." Lẹ́yìn náà, ó gbọ́ ìró kan tó mi ògiri.

Nígbà tó sáré wọlé, ìdérí ti lu àjà, ó ti já sílẹ̀, ó ti fọ́ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bó ṣe ń gòkè lọ. Ẹ̀wà tó ń hó ti lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀, ọrùn rẹ̀ àti àyà rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá ẹ̀wà náà kúrò lójú, awọ ojú sì ń bá ẹ̀wà lọ. Kò tíì pariwo. Ó kàn ń wí wẹ́rẹ́ pé, "Gbà mí, gbà mí, gbà mí," bí ẹni tó ń ka nǹkan sókè, títí ìrora náà fi dé ibi tó ń lọ, tí igbe sì jáde.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti gbà á sí ọsibítù tán, Àmì-Ohùn padà wá fọ ilẹ̀ ilé ìdáná. Ìwé náà wà níbẹ̀, ewé rẹ̀ ti rin gbingbin. "Ẹ máa ṣí ìkòkò kí ooru tó tán nínú rẹ̀." Ó jókòó sórí ilẹ̀ tútù. Ó ṣí ewé mìíràn. "Bí òróró bá gbiná, ẹ máa da omi sí i." Ó tún ṣí òmíràn. "Bí ẹ̀rọ bá ń yí, ẹ máa fi ọwọ́ ti ohun tí ẹ ń lọ̀ sísàlẹ̀." Ó pe Bàbá Kékeré.

"Mo ti gbọ́," ni Bàbá Kékeré wí. "Màá bójú tó o. Ṣùgbọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ ẹbí ni."

Ó gbà á gbọ́, torí pé Bàbá Kékeré ni, ó sì jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ọsibítù títí dókítà fi sọ pé ojú òsì kò ní ríran mọ́.

Ní àárọ̀ tó padà sẹ́nu iṣẹ́, lọ́rì kan ti fi ẹ̀yìn wọ inú ọgbà. Àwọn alábàárù ń ju ìdì ìwé sókè sínú rẹ̀, wọ́n ń kọrin sí i. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì kí i tọ̀yàyàtọ̀yàyà.

"Àmì-Ohùn wa! Ara Àǹtí ń kọ́?"

"Ó ṣì wà ní ọsibítù, Bàbá. Kí ni wọ́n ń kó?"

"Ìwé oúnjẹ yín ni o! Ó tán lórí àtẹ, wọ́n ti tún un tẹ̀. Gbogbo ìlú ló fẹ́ jẹun kíá."

Ó já ìdì kan gbà lọ́wọ́ wọn. Ó fà á ya pẹ̀lú èékánná. Ó ṣí i sí ibi ìkòkò, ó ṣí i sí ibi òróró. Kò sí lẹ́tà kan tó yí padà. Ó wọ ọ́fíìsì Ọ̀gá láì kanlẹ̀kùn.

"Ẹ ní ẹ máa bójú tó o."

"Mo sì ń bójú tó o. Nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, a ó tún un ṣe."

"Lẹ́ẹ̀kẹta! Ẹ mọ̀, ẹ sì tún tẹ èyí?"

"Àwo tí a fi tẹ ti àkọ́kọ́ ṣì wà nílẹ̀. Ìgbà wo la fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun? Àwọn ṣọ́ọ̀bù ń dúró."

"Ọ̀gá, akọ̀wé yín sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà nísinsìnyí pé àwọn èèyàn ti ń pè, pé aránṣọ kan ti jó. Ó ní ọkùnrin kan fi ìka—"

"Ṣé ìwé ló di ọwọ́ ẹ̀ mú, tó tì í bọ bùlẹ́ńdà? Ẹni tí orí ẹ̀ pé, ṣé ó nílò kí ìwé sọ fún un?"

"Ẹni tí kò mọ̀ ló ń ra ìwé. Ó bi wá léèrè, a sì dá a lóhùn. Ìdáhùn wa ló fọ́ ojú ọmọ ẹ̀gbọ́n yín."

Ọ̀gá dìde. "Ó tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí yunifásítì kọ́ ẹ nìyẹn, kí o máa na ìka sí mi?"

Nísàlẹ̀, nínú iyàrá tí wọ́n ti ń to ìwé, ẹnìkan bú ramúramù.

Ọkọ aránṣọ ni. Wẹ́dà ni, ẹni tó ń fi iná jó irin pọ̀. Àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, apá rẹ̀ sì kún fún àpá ibi tí iná ti ta sí i lára láti kékeré. Ó mú ìwé kan lọ́wọ́ òsì tí etí rẹ̀ ti jó dúdú, ó sì mú páìpù irin lọ́wọ́ ọ̀tún.

"Ta ni 'Ẹ máa da omi sí i' nínú yín?"

Ọmọbìnrin kan tó ń di ìwé rò pé eré ni. "Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí o, Bọ̀dá."

Páìpù náà wọ inú kọ̀ǹpútà Kíbọ́ọ̀dù láti iwájú, ó jáde lẹ́yìn. Dígí fò káàkiri. Àwọn tó ń di ìwé kó sábẹ́ tábìlì.

"Iná ni iṣẹ́ mi! Èmi tí mò ń fi iná jẹun! Bí mo bá wà nílé ni, ǹ bá ti fi ìdérí pa á. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi nìkan ló wà nílé. Ó ṣí ìwé yín. Ó ní, 'Ìwé ní kí n da omi sí i.' Ó sì da omi sí i!" Ó gbé ìwé náà sókè. "Ta ló kọ ọ́?"

Ọ̀gá ti sọ̀kalẹ̀ dé ìdajì àtẹ̀gùn, Àmì-Ohùn sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá rí páìpù náà. Ó na ọwọ́ sí Kíbọ́ọ̀dù.

"Òun nìyẹn. Ọwọ́ ẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́."

Ó yí padà, ó fi èjìká ti Àmì-Ohùn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gòkè lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́.

Kíbọ́ọ̀dù kò sá. Bóyá ó rò pé wọn yóò bi í léèrè ọ̀rọ̀. Páìpù kọ́kọ́ bà á ní èjìká, egungun ibẹ̀ sì dún bí igi gbígbẹ tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wó lé àga rẹ̀. Èkejì bà á lẹ́nu. Eyín bọ́ sórí kíbọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà, ẹ̀jẹ̀ sì kán sáàárín àwọn lẹ́tà. Wẹ́dà ju páìpù sílẹ̀, ó gbá a lọ́rùn mú, ó wọ́ ọ nílẹ̀ kọjá láàárín àwọn ìdì ìwé, àtẹ́lẹsẹ̀ Kíbọ́ọ̀dù sì ń fa ilà pupa tẹ̀ lé wọn lórí dígí fífọ́, títí wọ́n fi dé ìdí ẹ̀rọ ìgéwèé, èyí tó ní ọ̀bẹ gígùn kan tí a ń fi ọwọ́ fà wálẹ̀ lu bébà.

"Ọwọ́ wo lo fi tẹ̀ ẹ́?"

Kíbọ́ọ̀dù ń fi ẹnu tó kún fún ẹ̀jẹ̀ wí nǹkan kan. Wẹ́dà tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sórí ẹ̀rọ, ó fi orúnkún tẹ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí ọ̀bẹ.

Àmì-Ohùn kò rántí bó ṣe sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó bá ara rẹ̀ níbẹ̀, ó fi ara rẹ̀ kọ́ apá ọ̀bẹ náà lókè, ó di í mú bí ẹni tó rọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi. Wẹ́dà fi ìgúnpá gbá a lójú. Ó rí ìràwọ̀. Kò fi í sílẹ̀.

"Wọ́n pàṣẹ fún un ni! Bọ̀dá, wọ́n pàṣẹ fún un! Ó tilẹ̀ bèèrè bóyá gbogbo ẹ̀ ni!"

"Ta ló pàṣẹ?"

Ẹni tó san owó iléèwé rẹ̀ ni, ẹni tó dúró bíi bàbá fún un láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú. Ó wo ọwọ́ Kíbọ́ọ̀dù, ìka márùn-ún tó tẹ́ pẹrẹsẹ lábẹ́ irin.

"Ẹni tó nawọ́ sí i yẹn ló pàṣẹ. Òun ló ni ilé yìí. Àbúrò bàbá mi ni."

Wẹ́dà tẹjú mọ́ ọn. "Àbúrò bàbá ẹ."

"Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ jó. Ìwé yẹn náà ló ṣe é. Ojú rẹ̀ kan ti lọ."

Ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà wọ ibi kan lára ọkùnrin náà tí lílù kò lè dé. Ó gbé orúnkún kúrò. Kíbọ́ọ̀dù yí gbirigbiri bọ́ sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àyà bí ọmọ tuntun. Lẹ́yìn náà ni Wẹ́dà mú páìpù rẹ̀, tó gun àtẹ̀gùn lọ, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀kùn ọ́fíìsì náà. Gbì. Gbì. Pákó ń fọ́ yángá.

Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì Ọ̀gá ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Àmì-Ohùn gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú ọgbà.

"Awakọ̀! Gbéra! Máa lọ, máa lọ!"

Ẹ́ńjìnnì lọ́rì ké. Àmì-Ohùn ronú nípa gbogbo ìdì ìwé tó wà nínú rẹ̀, àti nípa ilé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ. Irin onígun mẹ́rin kan wà lórí tábìlì, èyí tí wọ́n fi ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀ kí gọ́ọ̀mù rẹ̀ tó gbẹ. Ó gbé e. Ó wúwo bí ọmọ ọlọ́dún kan. Ó sáré jáde, ó dúró síwájú géètì, lọ́rì náà sì ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, awakọ̀ ń tẹ fèrè, ó ń na orí síta.

"Àǹtí, ẹ kúrò níbẹ̀! Ṣé orí yín dà rú ni?"

Ọmọbìnrin tí kò gbé ọwọ́ sókè sí ẹnikẹ́ni rí láyé rẹ̀ fi gbogbo agbára ju irin náà. Gíláàsì iwájú lọ́rì fọ́ yángá. Ọkọ̀ náà yà, ó forí sọ òpó géètì, ó sì kú. Awakọ̀ bọ́ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn láti iwájú orí rẹ̀ wọ inú ẹnu, ó ń gbá àfọ́ dígí kúrò láyà, ó ń ṣépè fún un, fún ìyá rẹ̀ àti fún iléèwé tó lọ.

"Ẹ ṣe jẹ́jẹ́, ẹ jókòó," ni Àmì-Ohùn wí fún un. Ó bọ́ ìbòrí rẹ̀, ó fi lé e lọ́wọ́ pé kó fi di ojú ọgbẹ́. Àánú rẹ̀ ṣe é. Bí irin náà bá tún wà lọ́wọ́ rẹ̀, ì bá tún un jù.

Ọ̀gá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó fọ́ ọ létí, ó tún fọ́ ọ ní ìhà kejì, lórí ibi tí ìgúnpá ti kọ́kọ́ bà. Ètè rẹ̀ là. Àwọn alábàárù dúró, wọ́n ń wò. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì bo ojú.

"Èmi tí mo tọ́ ẹ! Èmi tí mo rán ẹ níwèé!"

Nígbà náà ni Wẹ́dà yọ láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ó ti rí ẹni tó ń wá. Ó ń bọ̀ kíákíá, páìpù náà ti wà lókè orí rẹ̀. Ọ̀gá rí i, ó sì sá sẹ́yìn Àmì-Ohùn; ó fi ọwọ́ méjèèjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi gbá a di èjìká rẹ̀ mú.

Àmì-Ohùn na apá rẹ̀ méjèèjì.

"Bọ̀dá, ẹ dúró."

"Kúrò níwájú mi."

"Bí ẹ bá pa á, ta ló máa sọ fáráyé pé ìwé yìí ń pani lára? Ìwé tó ti wà nígboro pọ̀ ju èyí lọ. Tí èmi bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní ọmọ kékeré kan ń bá ọ̀gá ẹ̀ jà. Òun ni wọ́n máa gbọ́. Ẹ jẹ́ kó lẹ́nu tó máa fi sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ bá ọlọ́pàá, mi ò ní dí yín lọ́nà."

Páìpù náà dúró lókè. Kò gòkè sí i, kò sì sọ̀kalẹ̀. Láti inú iyàrá, wọ́n ń gbọ́ Kíbọ́ọ̀dù tó ń ké, ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò dáwọ́ dúró.

Àmì-Ohùn yọ ọwọ́ Ọ̀gá kúrò ní èjìká rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ó yíjú sí i. Ẹ̀jẹ̀ ètè rẹ̀ ń kán sí àgbọ̀n, kò nù ún. Ó fa fóònù ọkùnrin náà yọ láti inú àpò ẹ̀wù rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn láyà.

"Bàbá Kékeré, ẹ wò mí. Ọ̀sán ti ń pọ́n, àwọn èèyàn ti fẹ́ máa dáná. Ẹ pe rédíò. Ẹ fi orúkọ ara yín sí i, ẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́ pé ẹ̀yin lẹ pàṣẹ, pé ìwé náà ń dáná sun èèyàn, kí gbogbo ilé tó bá ní in lọ́wọ́ pa á dé. Ẹ má sọ fún mi pé ẹ máa bójú tó o. Ẹ pè wọ́n báyìí."